Àmì Pẹ́ńsù Lára Púlọ́ọ̀gì Kẹta

Púlọ́ọ̀gì mẹ́rin ló wà lórí tábìlì. Mẹ́ta jọra bí ọmọ ìyá kan náà. Èyí tó wà ní ipò kẹta dà bí àlejò tó yá aṣọ wọn wọ̀.

Ojú-Abẹ́rẹ́ ti jókòó tì wọ́n láti aago mẹ́jọ àárọ̀. Ó fi dígí tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wò wọ́n, ó yí wọn síhìn-ín, ó yí wọn sọ́hùn-ún, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Àwọn ọlọ́pàá tí wọ́n jọ ń lo ọ́fíìsì náà ń kọjá lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń yínmú. Wọn kò fẹ́ràn rẹ̀, òun náà kò sì fẹ́ràn wọn, ọ̀rọ̀ náà sì ti rí bẹ́ẹ̀ fún ọdún méjìlélógún tó ti ń ṣe iṣẹ́ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́. Kò kàwé kọjá kíláàsì kẹrin. Ọ̀gá àgọ́ ti fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́ rí níṣojú èèyàn mẹ́sàn-án, lọ́jọ́ tó ka ìròyìn tí Ojú-Abẹ́rẹ́ kọ sókè bí ẹni ń ka ìwé ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Ọdún kọkànlá rèé. Ojú-Abẹ́rẹ́ ṣì mọ ibi tí àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán dúró sí, ó sì mọ ẹni tó rẹ́rìn-ín jù.

"Ṣé irin yẹn lo ṣì ń wò?" Ọ̀gá àgọ́ béèrè láti ẹnu ọ̀nà.

"Òun náà ni, sà."

"Kí ló kù níbẹ̀? Ìyá Mẹkáníìkì tí a tì mọ́lé yẹn ló de púlọ́ọ̀gì mọ́ ẹ́ńjìnnì. Ọ̀kan nínú wọn kì í ṣe irú èyí tó yẹ. Ẹ́ńjìnnì jó, epo rẹ̀ tú sábẹ́ táyà, ọkọ̀ forí sọ ògiri, ẹsẹ̀ méjèèjì ọmọ rẹ̀ tó ń wà á ṣẹ́. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ fọwọ́ síwèé pé kò sí ẹlòmíì tó ń fọwọ́ kan púlọ́ọ̀gì ọkọ̀ òun àfi ìyá òun. Aago méjì ọ̀sán la ń gbé e lọ sílé ẹjọ́."

"Aago méjì ṣì jìnnà, sà."

"Ìwọ ṣáà! Tí wọ́n bá ní ilẹ̀ ti mọ́, wàá ní kí wọ́n jẹ́ kí o yọjú wò ó ná." Ọ̀gá na ìka sí tábìlì. "Wo ìlà pẹ́ńsù tó wà lára wọn. Mẹ́rin. Ọwọ́ kan náà ló ṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kí lo tún ń wá?"

Ó lọ. Bàtà rẹ̀ ń dún kò-kò-kò bí ẹni pé ilẹ̀ jẹ ẹ́ ní gbèsè.

Ojú-Abẹ́rẹ́ yí púlọ́ọ̀gì kẹta padà. Òótọ́ ni ọ̀gá sọ, ìlà wà lára mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, lára tánganran funfun tó wà lókè. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ka ìlà, kò wo ibi tí ìlà wà. Nísàlẹ̀ púlọ́ọ̀gì, irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan máa ń tẹ̀ bí ìkọ́ bo orí ọ̀pá kékeré tó wà láàárín, àlàfo tín-ínrín á wà láàárín àwọn méjèèjì, inú àlàfo yẹn ni iná ti ń ṣẹ́ yẹ́ẹ́. Lára púlọ́ọ̀gì mẹ́ta, ìlà pẹ́ńsù bọ́ sí ìhà tí ìkọ́ náà ṣí sílẹ̀ sí, géérégé. Lára ìkẹta, ẹ̀yìn ìkọ́ ló wà.

Ohun kejì tún wà. Tánganran inú àwọn mẹ́ta kúrú, àwọ̀ rẹ̀ sì rí bí ẹ̀pà sísun. Ti ìkẹta gùn, ó funfun báláú, àwọn wóró irin tó yọ́ sì lẹ̀ mọ́ ọn bí iyọ̀.

Ohun kẹta nìyí: lẹ́yìn ìkọ́ ìkẹta, eyín nǹkan kan ti bu ú jẹ. Ojú-Abẹ́rẹ́ ka ojú eyín náà. Méjì, àyè òfìfo, lẹ́yìn náà mẹ́ta.

Ó kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú àpòòwé, ó fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n fi ń gbé ẹ̀rí jáde, ó dìde.

*

Ìyá Mẹkáníìkì jókòó lórí pákó nínú àtìmọ́lé, ẹ̀yìn rẹ̀ kò kan ògiri. Obìnrin ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni, opó, ó ti pé ọgbọ̀n ọdún tó ti ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Aṣọ iṣẹ́ tó wọ̀ nígbà tí wọ́n mú un lọ́jọ́ ìdíje ló ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ọkọ̀ tó forí sọ ògiri náà, ọkọ̀ tó ń gun òkè fún ìdíje ni, wọ́n sì gbé súpáchájà lé ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi agídí ti afẹ́fẹ́ wọnú ẹ́ńjìnnì kí agbára rẹ̀ lè ju bí wọ́n ṣe dá a lọ. Òun ló tún un ṣe. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ló wà á.

"Màmá, ẹ káàárọ̀ o."

"Ṣé o mú un wá?"

"Òfin ò gbà kí n fi ẹ̀rí han ẹni tí—"

"Ọjọ́ mẹ́ta ni mo ti ní kí ẹ mú púlọ́ọ̀gì yẹn wá kí n rí i. Ọjọ́ mẹ́ta! Ẹnì kan tó mọ púlọ́ọ̀gì wà nínú ilé yìí, ẹ sì tì í mọ́lé kó má bàa rí i. Ọpọlọ yín mélòó ló pé?"

Ojú-Abẹ́rẹ́ rò ó nínú ara rẹ̀ pé bí òun bá fẹ́ sọ òótọ́, ìdáhùn náà kò ní pọ̀.

"Mo fẹ́ bi yín léèrè bí ẹ ṣe ń ṣe àlàfo rẹ̀," ó ní.

"Ṣé o mọ nǹkan kan nípa púlọ́ọ̀gì?"

"Díẹ̀."

"Díẹ̀ yẹn náà ló pa ẹ́ńjìnnì mi." Ó yíjú sí ògiri. Ó wá ní, ohùn rẹ̀ sì ti yí padà, "Ọmọ mi ńkọ́?"

"Ó wà lọ́sibítù. Wọ́n ti to ẹsẹ̀ rẹ̀."

"Ṣé ó béèrè mi?"

Irọ́ wà lẹ́nu Ojú-Abẹ́rẹ́, ó rọrùn, ṣùgbọ́n obìnrin náà ń wò ó.

"Ó ní òun ò fẹ́ rí yín."

Ìyá Mẹkáníìkì bẹ̀rẹ̀ sí í fi èékánná kan họ gírísì kúrò lábẹ́ èkejì. "Ó tọ̀nà. Tó bá jẹ́ èmi ni mo ṣe é, èmi náà ò fẹ́ rí ara mi. Ohun tí kò jẹ́ kí n sùn nìyẹn. Mi ò tíì rí i. Mo mọ̀ pé mẹ́rin ni mo yàn, mo mọ̀ pé mẹ́rin ni mo ṣe. Ṣùgbọ́n ọmọ mi ló ń wa ọkọ̀ yẹn, àyà mi ń já láàárọ̀ ọjọ́ náà. Tí ọwọ́ mi bá ṣèèṣì mú èyí tí kò yẹ ńkọ́?"

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú un wá, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó sọ ohun tó jọ ẹ̀bẹ̀. Ojú-Abẹ́rẹ́ sì jáde láìsọ ohun tó rí, nítorí pé kò tíì mọ ìtumọ̀ rẹ̀, kì í sì í ta ohun tí kò tíì wọ̀n.

*

Ọlọ́kọ̀, ẹni tó ni ọkọ̀ ìdíje náà, gbà á lálejò nínú ọgbà rẹ̀. Bàtà funfun ló wọ̀, ó sì ń gbé ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan bí ẹni pé ilẹ̀ ilé ara rẹ̀ lè kó àrùn ràn án.

"Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́, mo rò pé ọ̀rọ̀ yìí ti parí. Mo fẹ́ ra ẹ́ńjìnnì mìíràn."

"Ọmọ tó wa ọkọ̀ yín ṣì wà lórí ibùsùn, sà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Ó ṣe ni láàánú. Ẹ́ńjìnnì dáradára ni."

Ojú-Abẹ́rẹ́ wo bàtà funfun náà, ó fojú wọn bí yóò ṣe rí nínú ẹrẹ̀, inú rẹ̀ sì rọlẹ̀ díẹ̀.

"Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ gbé ọkọ̀ náà yí pápá ká, kò sí ohun tó ṣe é."

"Ó ń dún bí orin."

"Lẹ́yìn náà ni ẹ gbé e sínú ọgbà onípáànù. Ta ló wà níbẹ̀?"

"Kò sẹ́ni kankan fún bíi ogún ìṣẹ́jú. Ìyá náà tẹ̀ lé ọmọ rẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ orúkọ. Èmi ń kí àwọn èèyàn pàtàkì. Ẹnjiníà tó ń bá wa ṣiṣẹ́ wà nínú ọkọ̀ rẹ̀ tó páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ó ń ṣe ìṣirò." Ó sún mọ́ ọn. "Ṣùgbọ́n mo rí Apárí. Mẹkáníìkì tó ń tún ọkọ̀ kejì ṣe. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà ọgbà wa, sípánà púlọ́ọ̀gì ló mú lọ́wọ́! Òun àti obìnrin yẹn sì ti di ọ̀tá fún ogún ọdún. Mo sọ fún ọ̀gá yín, ó ní ẹ̀rí ti pọ̀ tó."

"Ó ní bẹ́ẹ̀?" Ojú-Abẹ́rẹ́ kọ ìyẹn sínú ọkàn rẹ̀, sí abala tí ó ti kún. "Ẹnikẹ́ni tún bá Ìyá Mẹkáníìkì jà?"

"Rárá o. Àfi àwàdà kan. Ẹnjiníà ló ṣètò súpáchájà náà fún wa. Ó ní kí wọ́n fi àlàfo púlọ́ọ̀gì sílẹ̀ bí ilé iṣẹ́ ṣe ṣe é, ó ní inú ìwé ni òun ti rí i. Obìnrin náà ní kó jókòó, ó ní iná ọkọ̀ á máa kú lórí òkè. Àríyànjiyàn! Níkẹyìn mo ní kí wọ́n dán méjèèjì wò níṣojú gbogbo èèyàn. Ti Ẹnjiníà ń wúkọ́ bí arúgbó. Ti obìnrin náà fò lọ." Ó bú sẹ́rìn-ín. "A rẹ́rìn-ín títí omi ń jáde lójú wa."

"Ẹnjiníà ńkọ́? Ṣé ó bínú?"

"Kí ló fẹ́ bínú sí? Òun ló rẹ́rìn-ín jù."

Ọdún kọkànlá rèé tí ọ̀gá ka ìròyìn Ojú-Abẹ́rẹ́ sókè níṣojú èèyàn mẹ́sàn-án. Òun náà rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Òun gan-an ló rẹ́rìn-ín jù.

*

Ṣọ́ọ̀bù Apárí kún fún ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti tú palẹ̀. Ọkùnrin náà kò dìde nígbà tó rí ọlọ́pàá, kò sì sọ pé kó jókòó.

"Wọ́n rí ẹ pẹ̀lú sípánà púlọ́ọ̀gì," Ojú-Abẹ́rẹ́ ní.

"Ti obìnrin yẹn ni. Mo lọ dá a padà."

"Ẹ̀yin méjèèjì kì í bára yín sọ̀rọ̀."

"Ogún ọdún. Mi ò ní bá a sọ̀rọ̀ títí wọ́n á fi sin mí. Sípánà ò bá mi jà. Ọmọ rẹ̀ ló máa ń bá wa mú un lọ, mú un bọ̀. Lọ́jọ́ yẹn ọmọ ò sí níbẹ̀, mo gbé e sórí àgbá, mo lọ. Béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, ó máa ní ẹnu sípánà náà dọ̀tí. Ó máa ń sọ bẹ́ẹ̀."

"Ó wù ẹ́ kí ọkọ̀ tiwọn má dé òkè."

"Ó wù mí gan-an! Mo fẹ́ kó dé lẹ́yìn tèmi. Kí ló fẹ́ dùn mọ́ mi nínú kó má dé rárá?" Apárí ju aṣọ ìnuwọ́ sílẹ̀. "Gbọ́ mi. Tó bá jẹ́ èmi ni mo fẹ́ ba ẹ́ńjìnnì jẹ́, ìwọ àti gbogbo àgọ́ yín ò ní mọ̀ pé ó bàjẹ́. Ẹ máa rò pé ó ti dàgbà ni."

Ojú-Abẹ́rẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tó ti rí ẹni tó ń fojú wo àgọ́ náà bí òun ṣe ń wò ó.

"Kí ló dé tí èèyàn fi ń dín àlàfo kù fún súpáchájà?"

Apárí mí kanlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ní kó kọ́ ewúrẹ́ ní ìwé. "Ẹ́ńjìnnì lásán ń mí bí èmi àti ìwọ. Súpáchájà ń ki afẹ́fẹ́ bọ̀ ọ́ lọ́nà ọ̀fun. Ibẹ̀ á ki, iná ò ní ríbi fò. O ti ṣáná nínú ìjì rí? Tí àlàfo bá fẹ̀, iná á kú. Èyí tí ilé iṣẹ́ ṣe ní mọ́kànlá lára gééjì tí a fi ń wọn àlàfo, wàá mú un wá sí méje. Ìyẹn àkọ́kọ́. Èkejì, ooru pọ̀ níbẹ̀. Púlọ́ọ̀gì tútù lo máa yàn, èyí tí tánganran inú rẹ̀ kúrú, tó ń tètè gbé ooru sá kúrò. Tí o bá lọ fi èyí tó gbóná sí i, tí imú rẹ̀ gùn, imú yẹn á pọ́n bí ẹyin iná, á máa dáná sí epo kí àsìkò tó tó. Písítìnì inú ẹ́ńjìnnì á yọ́ bí àbẹ́là."

"Ṣé púláyà lẹ fi ń tẹ ìkọ́ rẹ̀?"

"Púláyà?" Apárí wò ó bí ẹni ń wo ẹni tó tutọ́ sínú oúnjẹ. "Ọ̀gá kan náà ló kọ́ èmi àti obìnrin yẹn níṣẹ́. Tó bá rí púláyà nítòsí púlọ́ọ̀gì, a ò ní jẹun lọ́jọ́ náà. Orí pákó la ti ń rọra kan ìkọ́, kù, kù, títí wáyà gééjì á fi máa fẹnu kò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì."

"Ìlà pẹ́ńsù ńkọ́?"

Fún ìgbà àkọ́kọ́, Apárí gbé orí sókè dáadáa. "Ta ló sọ ìyẹn fún ẹ?"

"Mo rí i."

"Ọ̀gá wa náà ló kọ́ wa. Kí o tó de púlọ́ọ̀gì, wàá wo ibi tí ìkọ́ ṣí sílẹ̀ sí, wàá fa ìlà sókè ní ìhà ibẹ̀. Tí o bá ti dè é, o ò rí ìkọ́ mọ́, ó ti wọnú ẹ́ńjìnnì. Ìlà yẹn ló máa sọ fún ẹ ibi tó kọjú sí. Ibi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń wọlé ló yẹ kó kọjú sí. Tí kò bá kọjú síbẹ̀, wàá yọ ọ́, wàá fi wáṣà mìíràn sí i kó lè yí débẹ̀."

"Kí ẹ tó dè é lẹ ń fà á. Kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀."

"Lẹ́yìn tí o bá dè é, kí lo tún fẹ́ fi wò? Ṣé ojú rẹ ń wo inú irin ni?"

Ojú-Abẹ́rẹ́ dìde. Gbogbo ohun tó wà lórí tábìlì láàárọ̀ ti to ara rẹ̀ sílà. Ẹni tó fa ìlà kẹta ti kọ́kọ́ de púlọ́ọ̀gì, ó wá bojú wo ibi tí ìlà àwọn mẹ́ta yòókù kọjú sí láti òkè, ó sì fa tirẹ̀ síbẹ̀ kó lè jọ wọ́n. Ó mọ bí àmì náà ṣe rí. Kò mọ ohun tó ń ṣe. Ẹni náà kì í ṣe Apárí, nítorí Apárí mọ̀ ọ́n. Ìyá Mẹkáníìkì náà kọ́. Ọlọ́kọ̀ kò lè gbé ọwọ́ sí ibi tí gírísì wà.

"Ó ti parí nìyẹn?" Apárí béèrè.

"Ó kù díẹ̀."

"Obìnrin yẹn ò ṣe é," Apárí sọ fún ẹ̀yìn rẹ̀. "Ìwà rẹ̀ ò dáa, ẹnu rẹ̀ ò dáa. Ọwọ́ rẹ̀ dáa. Má sọ fún un pé mo sọ bẹ́ẹ̀."

*

Aago kan kọjá ìṣẹ́jú díẹ̀ nígbà tí Ojú-Abẹ́rẹ́ wọ ọ́fíìsì Ẹnjiníà. Ìwé ẹ̀rí mẹ́fà ló wà lára ògiri nínú férémù, wọ́n sì gbé wọn kọ́ sí ibi tí ẹni tó jókòó sórí àga àlejò kò fi ní rí ohun mìíràn wò. Ojú-Abẹ́rẹ́ jókòó síbẹ̀. Ó bọ́ fìlà rẹ̀ lé orúnkún. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń dà bí ọ̀dẹ̀ níwájú irú àwọn èèyàn báyìí. Àwọn fúnra wọn ló máa ń bá èèyàn ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà.

"Ẹ má bínú, sà. Èmi ò kàwé. Wọ́n ní kí n wá bi yín kí ẹ là mí lóye."

Ojú Ẹnjiníà tàn. "Béèrè, ọ̀rẹ́ mi."

"Púlọ́ọ̀gì tó jó yẹn. Ìlà pẹ́ńsù kan wà lára rẹ̀. Kí ni ìlà náà wà fún?"

"Àìmọ̀wé ni." Ẹnjiníà fẹ̀yìn ti àga. "Kò lè kọ nọ́ńbà sílẹ̀, ó wá ń fa ìlà kó lè rántí èyí tó ti dè tán. Ẹ bojú wo orí ẹ́ńjìnnì rẹ̀, gbogbo ìlà á kọjú síbì kan náà bí ọmọ iléèwé lórí ìlà. Ohun tí ẹ ń pè ní mẹkáníìkì nìyẹn."

"Háà. Mo rò pé ó ní iṣẹ́ kan tó ń ṣe ni."

"Iṣẹ́ wo? Tó bá níṣẹ́ ni, mi ò ní ti kà á?"

"Òótọ́ ni, sà." Ojú-Abẹ́rẹ́ yọ púlọ́ọ̀gì tuntun kan láti inú àpò, èyí tó rà lójú ọ̀nà. "Àlàfo yìí náà ò yé mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú un wá sí méje kí n rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é."

Kò gbà tó ìṣẹ́jú kan. Ẹnjiníà fa dúrọ́ọ̀, ó mú gééjì pẹlẹbẹ, ó mú púláyà, ó sì fi púláyà gbá ìkọ́ náà mú gírí bí ẹni fẹ́ fa eyín. Ó tẹ̀ ẹ́, ó ki gééjì bọ̀ ọ́, ó nà án sí i. "Méje. Ṣé ẹ rí i? Kò sí àdììtú kankan níbẹ̀."

"Kò sí." Ojú-Abẹ́rẹ́ gbà á. Ó yí ìkọ́ rẹ̀ sókè. Ó ṣí àpòòwé, ó mú púlọ́ọ̀gì kẹta, ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí tábìlì, ó gbé dígí lé wọn, ó sì ti dígí náà síwájú Ẹnjiníà.

"Ẹ kà á fún mi, sà. Ẹ̀yin lẹ kàwé."

Ẹnjiníà wò ó. Eyín méjì, àyè òfìfo, eyín mẹ́ta. Eyín méjì, àyè òfìfo, eyín mẹ́ta.

"Púláyà yín ti ká eyín kan," Ojú-Abẹ́rẹ́ ní. "Ìlà yẹn sì níṣẹ́. Ó ń sọ ibi tí ìkọ́ ṣí sí. Gbogbo ẹni tó kọ́ iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ọ̀gá wọn ló mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin fa tiyín sẹ́yìn ìkọ́, nítorí pé ẹ ti dè é tán kí ẹ tó fà á. Ẹ ṣe àlàfo rẹ̀ dáadáa kó lè jọ ti Ìyá Mẹkáníìkì, ẹ fa ìlà kó lè jọ tirẹ̀, ẹ wá yan púlọ́ọ̀gì tó gbóná. Ìyẹn nìkan lẹ mọ̀ dáadáa nínú gbogbo rẹ̀, nítorí ó wà nínú ìwé."

"Púláyà tó ká eyín pọ̀ nígboro."

"Ó pọ̀. A máa gbé tiyín lọ, a máa fi wé e. Ẹ jókòó."

Ẹnjiníà kò jókòó. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Kí n jókòó! Ohun tí obìnrin yẹn sọ fún mi gan-an nìyẹn! Níṣojú ogún èèyàn! Obìnrin tí kò lè ka àkọlé ara páálí púlọ́ọ̀gì!" Ó gbá tábìlì. "Mo rò pé á kàn máa ta kùù-kùù lórí òkè ni, pé wọ́n á rí i pé ọwọ́ rẹ̀ ló fà á. Ta ló mọ̀ pé epo máa tú sábẹ́ táyà? Ta ló mọ̀?"

"Ó ti ní láti wà nínú ọ̀kan nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yìí," Ojú-Abẹ́rẹ́ ní, ó sì fi àgbọ̀n júwe ògiri. "Wọ́n ní ẹ rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà."

"Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe?"

"Èmi náà rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ tèmi. Ó sì ń dùn mí di òní. Ṣùgbọ́n mi ò tíì ṣẹ́ ọmọ ẹnikẹ́ni lẹ́sẹ̀."

*

Ọ̀gá àgọ́ ka ìròyìn náà lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́tẹ̀ yìí kò kà á sókè.

"O ò bá ti sọ fún mi láàárọ̀."

"Ẹ ní ọwọ́ kan náà ló ṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, sà."

"Mo ní ó jọ bẹ́ẹ̀."

Ojú-Abẹ́rẹ́ wo ọ̀gá lẹ́ẹ̀kan, ó jẹ́ kí wíwò náà pẹ́, ó gba kọ́kọ́rọ́ àtìmọ́lé.

Ìyá Mẹkáníìkì kò dúpẹ́. Ó na ọwọ́. Ojú-Abẹ́rẹ́ kó púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lé e. Obìnrin náà kò tiẹ̀ gbé ìkẹta dé ojú. Ó fi èékánná àtàǹpàkò kan ẹ̀yìn ìkọ́ rẹ̀, ó dúró, ó sì mí síta bí ẹni tó ti ń mú èémí náà dání láti ọjọ́ mẹ́ta.

"Ta ló ṣe palapàla yìí?"

"Ẹnjiníà, Màmá."

"Ẹ̀yin rò pé èmi ni." Ó wò ó látòkè délẹ̀. "Àtìmọ́lé ò dùn mí. Pé gbogbo yín wo èyí, ẹ wá rò pé ọwọ́ mi ló ti jáde, ìyẹn dùn mí. Gbé mi lọ sí ọsibítù."

"Ẹ̀rí ṣì ni wọ́n, Màmá. Ẹ ò lè kó wọn lọ."

"Tẹ̀ lé wọn, nígbà náà."

Ó tẹ̀ lé wọn.

Ọmọ náà dùbúlẹ̀ nínú yàrá aláìsàn mẹ́rin, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà nínú símẹ́ńtì funfun. Nígbà tó rí ìyá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó yíjú sí ògiri. Ọ̀nà kan náà ni ìyá náà ń gbà yíjú sí ògiri nínú àtìmọ́lé. Ojú-Abẹ́rẹ́ rí i.

Ìyá Mẹkáníìkì kò kí i, kò pè é. Ó ṣí ọwọ́ ọmọ náà lórí aṣọ ibùsùn, ó kó púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú rẹ̀, ó pa á dé.

Ọmọ náà kò yíjú padà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láìgba àṣẹ lọ́dọ̀ rẹ̀. Àtàǹpàkò kan ìkọ́ àkọ́kọ́, ó kọjá. Ó kan èkejì, ó kọjá. Ó kan ìkẹta. Ó dúró. Ó padà síbẹ̀. Èékánná há sínú ojú eyín púláyà, kì, kì.

"Ta ló fi púláyà gé èyí jẹ?" ó béèrè lọ́wọ́ ògiri.

Ó yíjú padà, ó wo púlọ́ọ̀gì, ó wo ìlà tó wà lẹ́yìn ìkọ́, ó wo ìyá rẹ̀. Omi ti ń kún ojú rẹ̀. "Màámi—"

"Má pè mí. O fọwọ́ síwèé." Obìnrin náà fa àga, irin àga náà ké lórí ilẹ̀, ó jókòó tì í débi pé orúnkún rẹ̀ kan ibùsùn. "Ọdún méjìlá ni mo fi kọ́ ẹ níṣẹ́. O ò tiẹ̀ sọ pé kí wọ́n mú un wá kí o fọwọ́ kàn án."

"Wọn ò jẹ́ kí n rí i."

"Èmi náà, wọn ò jẹ́ kí n rí i. Mo béèrè ṣáá."

Ojú-Abẹ́rẹ́ yọ ìwé tí ọmọ náà ti fọwọ́ sí, ó yọ òmíràn tí kò sí nǹkan kan lára rẹ̀, ó yọ bírò. "O máa kọ òmíràn," ó sọ fún un. "Èyí tó wà nílẹ̀ ò ṣe é ya."

Ọmọ náà gba bírò. Ìyá rẹ̀ di ìwé náà mú fún un kó má bàa yọ̀, ó sì tẹjú mọ́ ọn bó ṣe ń kọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lè kà á.

"Kọ ọ́ síbẹ̀ pé mẹ́ta nínú wọn ni mo ṣe," ó ní. "Kí o sì kọ ọ́ pé méje ni àlàfo wọn. Kọ méje yẹn kó tóbi."